Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Àdúrà Ti Di Èèwọ̀

Ìwé kékeré kan wà tí mo fi ń yẹ gbọ̀ngàn wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, mo ti fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí ìjọ wa ní Gwarinpa, ní Abuja níbí, ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó, èmi ni mo máa ń bá àwọn òbí ìyàwó lọ wo ibi tí wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ kí wọ́n tó gbà á. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà. Èkíní ni ilé ìtọ̀: mélòó ni, ṣé ó jìnnà sí ibi tí àwọn àgbà yóò jókòó sí, ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ń fi ìbéèrè yìí rẹ́rìn-ín kò bá wa lọ sí Kabusa lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, tí ọkùnrin méjì gbé ìyá àgbà ọkọ ìyàwó kọjá nínú ẹrẹ̀ kí ó tó rí ibi tọ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀ kí wọ́n tó gbé e padà. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀. Àwọn tó kù ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn.

Bí mo bá bèèrè gbogbo rẹ̀ tán, màá rìn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà, màá fi òróró díẹ̀ kan ògiri, màá sì gbàdúrà pé kí ayọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ má di ẹkún. Ẹ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn kan ní Maitama ti mọ̀ mí. Bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, á ní, "Sànnu, Màmá. Igun mẹ́rin náà ni, àbí?"

Màá ní, "Yauwa, igun mẹ́rin náà ni."

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òun àti àfẹ́sọ́nà òun ń wá gbọ̀ngàn, pé kí n bá àwọn yàn án, inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni.

Ìlú Yọ́ọ̀kì ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìlú àtijọ́ ni. Odi òkúta yí i ká, àwọn ènìyàn sì máa ń gun orí odi náà lọ gbafẹ́. Ilé tí wọ́n kọ́ kí baba ńlá baba mi tó dé ayé ṣì dúró níbẹ̀, wọ́n ń ta bàtà nínú rẹ̀. Ìwé ìgbélùú ọmọ mi wà lọ́wọ́ ìjọba fún àtúnṣe, kò sì lè jáde kúrò ní ilẹ̀ náà títí wọn yóò fi dá a padà, nítorí náà ibẹ̀ ni ìgbéyàwó yóò ti wáyé. Èmi àti bàbá rẹ̀ ni yóò lọ bá wọn, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìjọ tí wọ́n ń lọ níbẹ̀ ń pàdé nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ kan, wọn kò sì tíì ní àṣẹ láti so ènìyàn pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ládùúgbò wọn ń tún òrùlé ṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò wá so wọ́n pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n bá yàn.

Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ dàrú. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní oṣù mẹ́jọ, òtútù àyà mú un. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ka bí ó ṣe ń mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ dúró sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo di irin bẹ́ẹ̀dì náà mú, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run. Ó gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọmọ ti ń fa ọmú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ ẹ̀jẹ́ náà fún ẹni gbogbo, mo sọ ọ́ fún òun náà bó ṣe ń dàgbà: pé lọ́jọ́ tó bá ń lọ sílé ọkọ, inú ilé Ọlọ́run ni yóò ti lọ, yóò kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, èmi fúnra mi ni yóò sì súre fún un. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo lọ, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ náà ni mo ti ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé a kì í fi ẹ̀jẹ́ ṣeré.

Ọmọ mi fi àwòrán ibi mẹ́ta ránṣẹ́. Ọ̀kan jẹ́ gbọ̀ngàn onígi lẹ́bàá odò, tí àwọn oníṣòwò àtijọ́ kọ́ láti máa ṣèpàdé. Àwọn òpó rẹ̀ wọ́ bí ẹni tó ti ru ẹrù pẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọgbà òdòdó lẹ́yìn ilé ńlá kan. Nínú ẹ̀kẹta, mo rí fèrèsé gíga aláwọ̀ mèremère, mo rí òrùlé tó pàdé lókè bí ọwọ́ tí a pa pọ̀ fún àdúrà, mo rí ilé agogo. Mi ò wo méjì yòókù mọ́.

"Èyí ni!" mo pariwo sínú fóònù. "Ọlọ́run ti dáhùn. Ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, o ò sì tètè sọ fún mi."

"Ó dá yín lójú, Mọ́mì?"

"Ó dá mi lójú bí ọ̀sán."

"Ó dáa. Màá lọ wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màá pè yín láti ibẹ̀."

Mo dúpẹ́ ní ìpàdé àwọn ìyá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n bá mi jó.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, mo fi fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì oúnjẹ, mo wọ awò ojú mi, mo ṣí ìwé kékeré mi. Ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kò sì tíì mọ ohun tí yóò máa fi àárọ̀ rẹ̀ ṣe, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń bó ọsàn. Ojú ọmọ wa yọ. Ó wọ ṣòkòtò jíìnsì, káàdì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ funfun báláú dúró tì í, ìdì kọ́kọ́rọ́ wà ní ìbàdí rẹ̀. Òun ló ń bójú tó ilé náà. Mo kí i, ó juwọ́ sí mi. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn títí mo fi fẹ̀yìn tì kò jọ Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ rárá, nítorí náà ọmọ mi ní láti máa túmọ̀.

"Ilé ìtọ̀ ńkọ́?" mo bèèrè.

"Ẹyọ kan ni, Mọ́mì. Ìta ló wà. Èèyàn máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì yára ṣí ojú ìwé kejì. Ọkọ mi na ọrùn láti wo ohun tí mo kọ.

"Màmá, tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn ni, o ò ní gba ilé yìí láéláé."

"Dádì, ẹ jẹ ọsàn yín." Mo kọjú sí fóònù padà. "Jẹnẹrétọ̀ wọn ńkọ́? Ṣé ó lè gbé gbogbo ilé?"

Ọmọ mi bèèrè. Obìnrin oníkọ́kọ́rọ́ wo mí bí ẹni tí wọ́n bi pé níbo ló ń so ràkúnmí mọ́.

"Ó ní kí ni a fẹ́ fi ṣe, Mọ́mì."

"Sọ fún un pé bí iná bá lọ."

"Iná kì í lọ níbí."

"Gbogbo ibi ni iná kì í ti lọ, títí yóò fi lọ."

Mi ò tíì pa ẹnu dé tí fáànù orí wa fi dúró. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi ọsàn fi ta sí i láṣọ.

Bí ọmọ mi ṣe ń rìn síwájú, tó ń fi fóònù hàn mí káàkiri, mo rí i pé orí ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀. Wọ́n gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta ilẹ̀ ilé náà.

"Kí ni wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn?"

"Ibojì ni. Wọ́n sin àwọn èèyàn sí ìsàlẹ̀ níbí."

Mo dìde dúró. "Kúrò lórí wọn!"

Ó fò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí òmíràn ló tún bọ́ sí.

Ọkọ mi fi ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ta ló wà lábẹ́ pálọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Bàbá yín ni."

"Ṣé kì í ṣe orí rẹ̀ lo jókòó sí tó o fi jẹ ìrẹsì Kérésìmesì?"

"Mo mọ bàbá yín, Dádì. Mi ò mọ àwọn wọ̀nyí."

Ọmọ mi tẹ̀ ba, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ. "Ẹni yìí, òwò irun àgùntàn ló ṣe, Mọ́mì. Ó bí ọmọ mọ́kànlá."

"Ọlọ́run ṣeun fún un," mo ní, mo sì jókòó.

Mo ti ní kí ó mú òróró dání. Ó fà á yọ nínú àpò rẹ̀, nínú ìgò lọ́fínńdà kékeré kan. Mo ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti igun apá ọ̀tún. Bí ó ṣe ti ìka bọ òróró, tó nà án sí ògiri, mo gbọ́ ariwo kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà sáré dé, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Kódà èmi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó sọ nígbà náà: rárá, rárá, rárá. Ó ní òkúta yẹn máa ń mu òróró, kì í sì í bọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni àbàwọ́n rẹ̀ yóò fi wà níbẹ̀. Ọmọ mi kó ìka rẹ̀ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré bí mo bá ká a mọ́ ibi tó ti ń fi ọwọ́ lá mílíìkì.

Ojú tì mí. Mo ní, "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, a ò ní mú òróró wá. Àdúrà lásán ni a ó gbà."

Ó sọ fún un. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn kan. Mo ń wo ojú ọmọ mi bó ṣe ń yí padà.

"Mọ́mì, ó ní a ò lè gbàdúrà lọ́jọ́ náà."

"Níbo?"

"Níbí."

"Nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ni obìnrin náà wí. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbà ìjọ ti gba ìyàsímímọ́ kúrò lára ilé náà, ó ti di gbọ̀ngàn bíi gbọ̀ngàn. Òfin ilẹ̀ wọn sì ni pé níbi tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ń so ènìyàn pọ̀, a kò gbọ́dọ̀ kọ orin ìsìn, a kò gbọ́dọ̀ ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, a kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà. Wọ́n lè ka ewì. Wọ́n lè kọ orin ìfẹ́. Bákan náà ló rí ní gbọ̀ngàn onígi, bákan náà ló rí nínú ọgbà.

"Níbo ni pẹpẹ wà?" mo bèèrè.

Ó yí fóònù. Lábẹ́ fèrèsé aláwọ̀ mèremère náà, tábìlì gígùn kan ló wà níbẹ̀, wọ́n to ife wáìnì sórí rẹ̀, wọ́n da ojú wọn dé.

Ní Abuja níbí, mo ti rí ṣọ́ọ̀ṣì nínú gáréèjì, mo ti rí i lókè ilé epo, mo ti rí i nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń sun súyà. Ibi tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tó wá di ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mọ̀. Mi ò rí ṣọ́ọ̀ṣì tó di ibi tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ilẹ̀ àwọn tó kọ́ ìyá ìyá mi ní àdúrà sì nìyí! Mo wo fèrèsé, àwọn ẹni mímọ́ ṣì dúró nínú rẹ̀ tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ta wá ni kí n gbọ́ tirẹ̀, àwọn tàbí òfin?

"Mọ́mì, ẹ sọ̀rọ̀," ọmọ mi ní. "Wọ́n fẹ́ gbọ́ lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn mìíràn ń dúró de ọjọ́ yẹn."

"Ẹ̀jẹ́ mi ńkọ́?" Mi ò mọ̀ pé mo sọ ọ́ síta.

Ọkọ mi nu ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, kí lo sọ fún Ọlọ́run gan-an?"

"Ẹ ti gbọ́ ọ nígbà àìmọye."

"Èyí tí ò ń sọ fún àwọn ènìyàn ni mo ń gbọ́ nígbà àìmọye. Èyí tó o sọ fún Ọlọ́run, ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ ọ. Mo wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. O ní, 'Dá a sí fún mi. Màá mú un wá síwájú pẹpẹ Rẹ, màá sì fi ẹnu mi súre fún un.' O ò dárúkọ ìgbéyàwó. Ọmọ oṣù mẹ́jọ tí kò rí èémí mí, ta ló ń ro ti ọkọ?"

Mo fẹ́ bá a jiyàn. Mo wá ohùn ara mi ti àárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò rí i. Èyí tí mo ń sọ fún ènìyàn nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà wo ni ìgbéyàwó wọ inú rẹ̀? Bóyá ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, tí mò ń rí tèmi lára wọn. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ọkọ mi ń sọ, ọjọ́ Àìkú èyíkéyìí ní Gwarinpa ì bá tó fún mi láti mú ẹ̀jẹ́ yẹn ṣẹ, kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Tàbí mo tilẹ̀ ti mú un ṣẹ láìmọ̀? Ọjọ́ mélòó ni kò bá mi dé iwájú pẹpẹ? Ṣùgbọ́n mi ò gbé ọwọ́ lé e lórí súre fún un níbẹ̀ rí. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni mò ń dúró dè.

"Bá mi bi màmá yẹn," mo ní. "Òfin yẹn, ṣé ti ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ni, tàbí ti ojoojúmọ́?"

Obìnrin náà rò ó. Ó ní ti ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ń so ènìyàn pọ̀ ni. Ó ní òní, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán ni, àlejò tó bá wọlé lè ṣe bí ọkàn rẹ̀ ṣe sọ fún un. Ó wá wo ìgò lọ́fínńdà.

"Ó ní láìsí òróró o, Mọ́mì."

"Láìsí òróró. Sọ fún un pé mo ṣèlérí."

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló mú un dé iwájú tábìlì. Àtẹ̀gùn òkúta kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tí wọn kò hú kúrò nígbà tí wọ́n gbé pẹpẹ lọ. Ọmọ mi gbé fóònù sún mọ́ ọn kí n lè rí i: àárín rẹ̀ ti jẹ wọlé, ó rí kòtò bí inú ṣíbí. Orúnkún ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ni obìnrin náà wí. Ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú bó ṣe ń lọ, kí wọ́n má baà pariwo.

Ọmọ mi gbé fóònù ti àwọn ife tó wà lórí tábìlì. Ó kúnlẹ̀ sínú kòtò òkúta náà. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ.

"Dìde, Màmá," ọkọ mi ní. "Kò rí ọ. Àga òfìfo ló ń wò."

Mo dìde. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀ ni ojú mi wà, pé èmi ni ọmọ mi kúnlẹ̀ síwájú. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí Ọlọ́run má kà á sí ìgbéraga. Mo na ọwọ́ sí fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Mo ní, Ọlọ́run tó dá èémí padà sí ọ nímú yóò máa bá ọ gbé. Mo ní, ilé ọkọ yóò tù ọ́ lára bí omi àfòwúrọ̀pọn. Mo ní, wàá gbó, wàá tọ́, ọmọ yóò fi ọwọ́ ọlá tọ́jú rẹ. Ọmọ tí kì í lè sọ Yorùbá jìnnà kó má bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àmín síbi tó yẹ, kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ń ṣe àmín lẹ́yìn mi.

Láàárín rẹ̀, àwòrán dì. Ó tẹ orí ba, kò mira. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ mi. Mi ò dáwọ́ dúró, nítorí mi ò mọ bí a ṣe ń dá ìre dúró sí àárín nítorí nẹ́tíwọ̀kì. Ìgbà tí àwòrán tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó ń nu ojú, ó ní, "Àmín." Èwo ló gbọ́, èwo ni kò gbọ́? Mi ò bi í.

"Ó tán," mo ní. "Ẹ yan ibi tó bá wù yín báyìí."

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó pè. Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn onígi ti ẹ̀bá odò.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n bínú. "Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn? Kí ni ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe?"

"Ìbéèrè kìíní, Mọ́mì. Ilé ìtọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn. Ìyá àgbà ọkọ mi ń bọ̀, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e bíi ti Kabusa?"

Ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Ó gbà pé mo ti mú ẹ̀jẹ́ mi ṣẹ, ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ mìíràn màá tún máa rò ó: ilé tí wọ́n ti gba ìyàsímímọ́ lára rẹ̀, pẹpẹ tí kò sí níbẹ̀, ìyá tó wà nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń mí. Bí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìrònú mi, ọpẹ́ ló máa ń kù fún mi láti dá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ìdílé kan lọ wo gbọ̀ngàn ti Maitama. Mo bèèrè ilé ìtọ̀, mo bèèrè jẹnẹrétọ̀, mo bèèrè títí dé ìkẹsàn-án. Lẹ́yìn náà mo bèèrè ìkẹwàá, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bírò kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé: "Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn gbàdúrà níbí lọ́jọ́ ìgbéyàwó?"

"Kai, Màmá," ẹ̀ṣọ́ náà ní, ó sì wò mí gẹ́gẹ́ bí obìnrin oníkọ́kọ́rọ́ ṣe wò mí nígbà tí mo bèèrè jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.